Ọkùnrin Tí Ó Jókòó Sílé: Ṣé Ọ̀lẹ Ni, tàbí Ọ̀nà Ni Ó Dí?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun kan tí a máa ń bá pàdé nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni, tí ọjọ́ orí wọn ṣì jẹ́ ti òṣìṣẹ́, tí agbára ṣì wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì wá iṣẹ́ mọ́.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò, a ṣí ìwé ìfowópamọ́, a sì rí orúkọ àwọn ọkùnrin kan tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a fa orúkọ wọn yọ. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìdí ayò ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀." A ní kí alága mú wa lọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀rọ ni ó ń tún ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan, títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Nígbà tí ó rí alága, ó kọ́kọ́ fẹ́ sá wọlé. Lẹ́yìn tí a jókòó tán, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kì í ṣe pé mo kórìíra iṣẹ́. Owó tí mo yá ti bọ́ sí ọrùn àwọn onídùúró mi. Ojú wo ni kí n fi wò wọ́n ní ìpàdé?"

Ìdáhùn yìí ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá pe àìsàn ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn tí kò bá a mu ni a ó lò sí i.

1. TA NI KÒ SÍ NÍNÚ IṢẸ́?

Àwọn tí ń ṣírò òṣìṣẹ́ pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni ẹni tí kò ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń wá a, tí ó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá rí i. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí kò ṣiṣẹ́, tí kò sì wá a. Àwọn èkejì nìkan ni à ń kà sí aláìníṣẹ́. Bí ọkùnrin kan bá ń kọ̀wé kiri láti wá iṣẹ́ fún ọdún méjì, aláìníṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́, tí ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó ti kúrò nínú iye náà. Iye àwọn aláìníṣẹ́ dín kù, ṣùgbọ́n ebi ilé rẹ̀ kò dín.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè wa. Ní ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ (NBS) sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń wá iṣẹ́, ó lé ní 33 tí kò ní iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iye náà di díẹ̀ lé ní 4. Ṣé iṣẹ́ ni ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀? Rárá o. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 ní ọ̀sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré láàrin ọjọ́ méje, tí ó gba owó tàbí tí ó jèrè níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń dáko fún kìkì ẹnu ilé rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n ń kà sí òṣìṣẹ́ mọ́.

A kò bẹnu àtẹ́ lu ìṣirò náà. Bí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe é nìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe dúró de ìṣirò ìjọba kí ó tó mọ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìfowópamọ́ yín yóò ti sọ ọ́ fún yín ṣáájú.

2. NÍBO NI IṢẸ́ NÁÀ LỌ?

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yóò rántí ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba dúró. Ní ọdún 1986, ètò SAP dé. Náírà wálẹ̀, ohun èlò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun sì wọ́n gógó. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fòpin sí àwọn Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, àwọn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ń bá ra kòkó. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń jẹun níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2007, Michelin kò ṣe táyà mọ́ ní Pọtakọ́tì. Ní ìparí ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Owó tí ń bá iná mànàmáná àti epo jẹnẹrétọ̀ lọ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni táyà tí ń ti òkè òkun wọlé pọ́ ju ti ilé lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò yè é. Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé tí ń fi ọwọ́ to lẹ́tà. Mẹkáníìkì tí ó fi etí gbọ́ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì láti ìgbà èwe rẹ̀ wá ń dúró níwájú ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó mọ ibi tí ó bàjẹ́. Aṣọ bọ́síkọ̀nà gba oníbàárà lọ́wọ́ télọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni ó bọ́ sídìí ọ̀kadà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Súrùlérè wà lára wọn. Ìjọba sọ pé ààbò ẹ̀mí ni, a kò sì jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó ẹgbẹ́ ra ọ̀kadà ṣì jẹ gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwà àwọn ọkùnrin tiwa ni kò dára. Kí wọ́n wo Amẹ́ríkà, níbi tí owó àti ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí jù tiwa lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1955, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ibẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 25 sí 54, bíi 97 ni ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń wá iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2015, wọ́n ti dín sí bíi 88. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé ilé-iṣẹ́ tí a tì, àìlera, àti ẹ̀wọ̀n tí ọkùnrin ti ṣe rí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á síṣẹ́, wà lára ohun tí ó fà á. Bí ó ti wù kí orílẹ̀-èdè lówó tó, bí iṣẹ́ tí ọkùnrin mọ̀ bá parẹ́, tí kò sí ẹni tí yóò mú un dé ìdí òmíràn, ilé ni yóò jókòó sí.

3. KÍ NI KÌ Í JẸ́ KÍ WỌ́N TÈTÈ DÌDE?

Èkíní, ìṣirò owó. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Òfin ọdún 2024 ní kí owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ ₦70,000. Bí ọkùnrin kan bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, tí ó ń wọ ọkọ̀ ₦2,000 lóòjọ́ ní àlọ àti àbọ̀, tí ó sì ń jẹun ₦700, ọjọ́ 22 yóò gba ₦59,400 lọ́wọ́ rẹ̀. ₦10,600 péré ni yóò mú wálé. Bí ó bá kọ irú iṣẹ́ náà, ó ti ṣírò ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Èkejì, irinṣẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ti ta irinṣẹ́ rẹ̀ jẹun, bí ẹni tí a dè lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ orí àti àìlera. Ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ ni ó ń sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó ti ju 30 tàbí 35 ọdún lọ. Ní ogójì ọdún ó lé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹ̀yìn ń dunni, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára tí a kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìtìjú. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá lórí ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí iṣẹ́ tí ó kéré ní àdúgbò. Bí ó bá tún jẹ gbèsè ẹgbẹ́, ó sá fún ìpàdé. Ìpàdé yìí kan náà sì ni ibi tí ó ti lè gbọ́ nípa iṣẹ́.

Kí a má gbàgbé ìyàwó. Ọjà obìnrin ni ó ń bọ́ ilé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, owó ọjà ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà kò fi ní lè san owó ìfipamọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá rò pé òun pàdánù ọmọ ẹgbẹ́ kan, méjì ni ó ti lọ.

4. KÍ NI ẸGBẸ́ LÈ ṢE?

Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ni a fẹ́ dì ru ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn 28 tí a mọ̀ ní aṣáájú Rochdale dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844, wọ́n kọ ọ́ mọ́ ète wọn pé àwọn yóò máa ṣe ọjà jáde kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò níṣẹ́ lè rí iṣẹ́ ṣe, àti pé àwọn yóò wá ilẹ̀ tí irú wọn yóò máa ro. Ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Èyí ni ìmọ̀ràn wa:

(a) Ní oṣù kejì tí owó ọmọ ẹgbẹ́ kò bá wọlé, kí ènìyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Kí wọ́n lọ bí ẹbí, kì í ṣe bí agbowó-òde.

(b) Kí ìgbìmọ̀, òun àti àwọn onídùúró rẹ̀ jókòó, kí wọ́n tún gbèsè náà pín sí ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, bí òfin ẹgbẹ́ bá ti gbà. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má ṣe fi owó ìfipamọ́ rẹ̀ dí gbèsè láìsọ fún un.

(d) Bí ó bá jẹ́ láti inú owó oṣù ni a ti ń yọ owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a gbà á láyè láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má baà kú nínú ìwé.

(e) Bí ó bá nílò irinṣẹ́, kí ẹgbẹ́ san owó fún ẹni tí ó ń tà á, kí irinṣẹ́ náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ títí tí yóò fi san án tán.

(ẹ) Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kun ilé, kan àga tàbí tún ọkọ̀ ṣe, kí ó kọ́kọ́ bèèrè láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

(f) Kí akọ̀wé rán ẹni tí ó ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì létí òfin ọdún 2014: ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàrin oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ó wà níbẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹ máa pín owó ẹgbẹ́ bí ẹni pín sàráà. Owó opó àti owó àgbẹ̀ ni. Ọ̀lẹ tòótọ́ sì wà. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan ṣe, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe é dáadáa, ẹ ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Bí kò bá yọjú, ẹ ti mọ̀ náà.

Ní ti ọkùnrin tí a bá nílé lọ́jọ́sí, ìgbìmọ̀ tún gbèsè rẹ̀ pín, wọ́n sì yá a ní irinṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni ó ń tún ṣe kiri abúlé nísinsìnyí. Kò tíì san gbèsè náà tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún dé ẹgbẹ́ wọn, ó wà ní ìpàdé, àárín àwọn onídùúró rẹ̀ ni ó sì jókòó sí. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ẹ jẹ́ kí a máa rìn pọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni kò san owó ìfipamọ́ fún oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ta ni ó ti dé ilé wọn?
2. Irú iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ó wà láàrin wa tí ẹgbẹ́ ń sanwó rẹ̀ fún ará ìta?
3. Kí ni òfin ẹgbẹ́ wa sọ nípa títún gbèsè pín? Kí akọ̀wé kà á sókè.