Àkànní, Kí Ni Ẹmu Fi Ṣẹ̀ Ọ́?

Àkànní, wá jókòó síbí. Má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwòrán tó o ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni mo wò, kò sí èyí tí mo fò. Èyí tó o yà ní Southwark, nílé ọtí George tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó lókè. Èyí tó o yà ní Fleet Street, ní Ye Olde Cheshire Cheese, tí wọ́n tún kọ́ ní 1667 lẹ́yìn tí iná ńlá jó London. Ife bíà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé àti bírò lọ́wọ́ òsì, àfi bíi pé ìjọba rán ọ wá ka èèyàn. Mi ò bá ọ wí nígbà yẹn. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àmọ́ nígbà tó o kọ ọ́ pé, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, ilé yìí ṣì dúró láti 1667," mo kàn mí kanlẹ̀ ni. Bìní ni mò ń gbé. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ pé ó wà níbí kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé ní oṣù Èrèlé 1897, kí ìlú tó jóná, kí wọ́n tó kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin Ọba lọ. Tiwọn á dúró dáadáa, àwa ò lọ sọ iná sí i. Jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìwọ lo kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ bíà inú àgbá. O ní wọ́n á gbé e dé ilé ọtí tán, kò tíì kú, ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. O ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kó tutù níwọ̀n bíi 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn kì í sì í fi gáàsì tì í, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á jáde. O ní èèkàn igi kékeré kan wà lórí àgbá tó ń jẹ́ kó mí. Bí wọ́n bá ti wá ṣí i, bí ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún un kó tó bàjẹ́. O sọ fún mi pé ọkùnrin mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ ní 1971 torí pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ti ń fi iná pa bíà, tí wọ́n ń sẹ́ ìwúkàrà rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá ń ti òkú rẹ̀ jáde pẹ̀lú gáàsì. Inú ń bí ọ lórí fóònù bí ẹni pé bàbá rẹ ni wọ́n sè.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wá ni mo rí nínú firíìjì mi láàárọ̀ yìí? Ẹmu inú ìgò! Ìwọ tó ń wọ rélùwéè láti ìlú kan dé òmíràn nítorí bíà tó ṣì ń mí, o dé Bìní, o lọ ra ẹmu tí wọ́n ti dá èémí ẹ̀ dúró. Mo bi ọ́, o ní o rí kòkòrò lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́mu, o ò sì mọ omi tó fi fọ̀ ọ́. Ṣé o bi àwọn ará Yorkshire ní omi tí wọ́n fi fọ àgbá?

Mi ò ní kó o má mu ti inú ìgò o. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe. NIFOR tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ níbí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, tó sì di NIFOR ní 1964, àwọn náà ń rọ ẹmu sígò tà. Láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹmu á ṣe rìnrìn àjò kó má bú sínú bàágì èèyàn? Ẹni tó wà lókèèrè ni kó máa mu ìyẹn. Ìwọ tó o wà nílé, tí adẹ́mu ń gba iwájú ilé kọjá, kí lo ń fi ìgò ṣe?

Gbọ́ bí ti gidi ṣe rí. Ẹnikẹ́ni kì í bu ìwúkàrà sí ẹmu. Ara ọ̀pẹ ló ti ń bọ̀, inú afẹ́fẹ́, àti ìsàlẹ̀ akèrègbè tí ti àná ṣì lẹ̀ mọ́. Bó ti ń kán sílẹ̀ lókè ọ̀pẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí adẹ́mu tó tú igbà ìdí rẹ̀ láàárọ̀, ó ti ń dùn, ó ti ń ta díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lálẹ́, ó ti di ti àgbà. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kan, kò dáa fún àlejò mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí ìwọ fi ń yangàn yẹn, ẹmu ò ní in! Èèkàn igi tó o sọ, lọ wo ẹnu kẹ́ẹ̀gì: ewé ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, wọn ò jẹ́ fi ìdérí dé e pinpin, torí á bú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìfófó funfun á máa gba ẹ̀gbẹ́ ewé yẹn ru jáde, á máa ṣàn sílẹ̀ lára kẹ́ẹ̀gì, oyin á sì máa kùn lórí ẹ̀. Oyin yẹn lò ń pè ní kòkòrò. Ẹmu tí oyin ò yà sí rárá ni èmi máa ń fura sí pé wọ́n ti bomi là á. Fẹ́ ìfófó náà sápá kan, kó o mu. Kí ló le níbẹ̀?

Kó o sì mọ̀ pé ẹmu ọ̀pẹ ọ̀tọ̀, ògùrọ̀ inú àbàtà ọ̀tọ̀. Ògógóró ni o ò gbọdọ̀ fẹnu kàn nínú ilé mi. Òyìnbó fòfin dè é nígbà tiwọn, wọ́n ń mú àwọn èèyàn wa lórí ẹ̀, jíìnì tiwọn sì ń wọlé ní èbúté. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, síbẹ̀ o ò ní mu ún.

Ohun kejì tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí ni pípààrà ilé ọtí. Ìdajì páìntì níbí, o dìde. Ìdajì lọ́hùn-ún, o tún dìde. Ṣé wọ́n ń lé ọ ni? Ọ̀mùtí inú ìwé Amos Tutuola, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952, bàbá rẹ̀ fún un ní oko tó ní ọ̀pẹ 560,000, ojú kan náà ló jókòó sí tó ń mu ún. Ìgbà tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ tó kú ló tó gbéra nílé. Adẹ́mu rẹ̀ ló sì ń wá kiri, kì í ṣe ilé ọtí. Bó bá sì jẹ́ bíà ni ọ̀rọ̀ wa, Guinness ti kọ́ iléeṣẹ́ síbí láti 1974, wọ́n ń pọn Harp. Ṣé o rí dádì rẹ kó máa gba gbogbo Ikpoba Hill kiri pẹ̀lú ìwé àti bírò? Ìdí tábìlì kan ṣoṣo ló ń jókòó sí, ẹja àrọ̀ á dé, ata á dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jọ tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a máa lọ mu ẹmu gidi. Kí aago méje tó lù, kó o ti múra. Má gbé mọ́tò, kèké la máa wọ̀, torí mi ò mọ bó o ṣe máa rí tá a bá ń bọ̀. Èmi ni màá bá ẹlẹ́mu nájà. Ìwọ má sọ̀rọ̀, tó bá gbọ́ ohùn London lẹ́nu rẹ, owó á di ìlọ́po méjì. Gbé ife tìrẹ dání tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀. Fi aṣọ funfun yẹn sílé. Kó o sì jẹ iṣu kó o tó jáde, jẹ ẹ́ dáadáa, mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ pè mí láti Ìbàdàn pé kí ni mo fún ọmọ òun mu.