Kí Ló Dé Tí Àkùkọ Tó Gba Ẹ̀bùn Kì Í Bí Irú Ara Rẹ̀ Nìkan?

Ní ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó ń sin adìẹ, àmọ́ kì í ṣe torí ẹran, kì í sì í ṣe torí ẹyin. Irú adìẹ àtijọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ò kà sí mọ́ ni wọ́n ń tọ́jú kó má baà parun, wọ́n á sì máa kó wọn lọ síbi ìdíje ẹwà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n dá American Poultry Association sílẹ̀, nígbà tó sì di 1874, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tó sọ bí irú adìẹ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí: ogbe, ẹsẹ̀, àwọ̀, ìyẹ́, gbogbo ẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn adájọ́ fi ń díwọ̀n adìẹ títí dòní.

Ọ̀kan nínú àwọn adìẹ tó máa ń pe èrò ni èyí tí wọ́n ń pè ní Frizzle. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í sùn mọ́ ara. Ṣe ló máa ń ká sókè, tí yóò kọjú síbi orí, bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Irú rẹ̀ wà nínú adìẹ ìbílẹ̀ tiwa náà. Àmọ́ ẹ má ṣì í mú fún òpìpì o: ìyẹ́ òpìpì kò pọ̀ lára, ti Frizzle pọ̀, kíká ló ká.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní àkùkọ oníyẹ̀ẹ́ kíká tó gba ipò kìíní, ẹ tún ní àgbébọ̀ oníyẹ̀ẹ́ kíká tó dáa bíi tirẹ̀. Ṣé kẹ́ ẹ kó wọn pọ̀ kí gbogbo ọmọ wọn lè rẹwà? Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀dà méjì ni adìẹ ń ní nínú jíìnì yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó ń ká ìyẹ́ ní F, ká pe èyí tó ń jẹ́ kó gún ní f. F ò lè borí f pátápátá, torí náà oríṣi mẹ́ta la máa rí:

- ff: ìyẹ́ gígún, adìẹ lásán lójú èèyàn.
- Ff: ìyẹ́ kíká tó rẹwà. Èyí ló ń gba ẹ̀bùn.
- FF: ìyẹ́ ká jù, ó gbẹ, ó sì ń ṣẹ́. Nígbà míì adìẹ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò.

Ọdún 1930 ni Walter Landauer àti L. C. Dunn gbé ìwádìí jáde lórí bí ìyẹ́ kíká yìí ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ní 2012, àwọn onímọ̀ rí ojú ibi tí àyípadà náà wà: jíìnì KRT75, tó ń ṣe kẹ́rátìn. Kẹ́rátìn náà ló wà nínú irun àti èékánná wa. Bí ti adìẹ yìí ṣe yàtọ̀, igi àárín ìyẹ́ á tẹ̀, kò ní lè dúró gún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ká ní ọmọ 20 ló pa. Ohun tá a lè máa retí nìyí:

- Ff pẹ̀lú Ff: FF 5, Ff 10, ff 5.
- Ff pẹ̀lú ff: Ff 10, ff 10. Kò sí FF kankan.
- FF pẹ̀lú ff: gbogbo 20 ló máa jẹ́ Ff.

Ìṣirò yìí lè yẹ̀ díẹ̀ o, torí ẹyin kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tá a jù sókè. Àmọ́ ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan máa jìyà. Ìyẹ́ ni aṣọ adìẹ. Bó bá ṣẹ́ tán, ooru ara á máa jáde ṣáá, adìẹ á máa jẹun púpọ̀ kó lè máa móoru, ọkàn rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekára. Òtútù lè tètè pa á.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi ń kó oníyẹ̀ẹ́ kíká pọ̀ mọ́ oníyẹ̀ẹ́ gígún. Àwọn ọmọ tí ìyẹ́ wọn gún, tí ẹni tí ò mọ̀ á ti kó lọ sọ́jà, àwọn gan-an ni wọ́n ń yàn: èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ àti èyí tí ìdúró rẹ̀ dáa. Wọn ò ní gbé e lọ síbi ìdíje láéláé, síbẹ̀ láìsí i, kò sí ẹni tó máa gba ẹ̀bùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ nílé ńkọ́?

Adìẹ ìbílẹ̀ tó wà lágbàlá yín náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òrùka sí ẹsẹ̀ adìẹ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 tí ẹyin bá pa, ẹ ní sùúrù: ìyẹ́ ìkókó kì í fi nǹkan hàn, ìgbà tí ìyẹ́ apá bá ń jáde lẹ máa tó rí èyí tó ká. Ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ fi wé ìṣirò òkè yìí.

Àǹfààní kan tún wà fún àwa tá a wà nílẹ̀ olóoru: ìyẹ́ tí kò sùn mọ́ ara máa ń jẹ́ kí ooru jáde. Jíìnì tó dà bí àléébù ní ilẹ̀ olótùútù lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ níbí. Torí náà, bẹ́ ẹ bá tún rí adìẹ oníyẹ̀ẹ́ kíká lọ́jà tí wọ́n ń dín owó ẹ̀ kù torí pé ó “burẹ́wà”, ẹ̀yin ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.