Ọmọ Kọ́ṣẹ́ Tán, Irinṣẹ́ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá National Directorate of Employment sílẹ̀, tí ó ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọṣẹ́ tí kò ní irinṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni yóò tún padà sí.

A mọ bí ó ti máa ń rí. Ọmọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà fún ọdún 3. Ọjọ́ òmìnira pé, a pa ẹran, a ra aṣọ ẹbí. (Àwa náà ti jó níbẹ̀.) Ó di ọjọ́ kejì, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi jó irin.

Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọṣẹ́ ni kí òbí ti máa fi owó irinṣẹ́ pamọ́ sínú ẹgbẹ́. Bí ó bá kù díẹ̀, kí ó yá a. Ẹgbẹ́ ni kí ó sanwó fún ọlọ́jà fúnra rẹ̀. Kí owó má kọjá lọ́wọ́ ọmọ. Kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ.