Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Bí A Ṣe Ń Rí Ìwé Láàárín Ọ̀pọ̀ Ìwé

Ní ìlú Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger, ilé ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní IRSH. Abẹ́ Yunifásítì Abdou Moumouni ló wà. Nǹkan bí 4,000 ìwé àfọwọ́kọ ló wà níbẹ̀. Èdè Lárúbáwá ni ti púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ àjàmí, ìyẹn èdè ilẹ̀ wa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Boubou Hama, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Niger nígbà kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa rí ẹyọ kan nínú 4,000? Àkọsílẹ̀ tó ń júwe ìwé kọ̀ọ̀kan la fi ń rí i. Láyé àtijọ́, orí káàdì ni àwọn ilé ìkàwé ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá dé ìdí àpótí káàdì náà kò lè mọ̀ pé ìwé ọ̀hún wà.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, obìnrin kan tó ń jẹ́ Henriette Avram ṣe ètò MARC ní Library of Congress ní Amẹ́ríkà, kí kọ̀ǹpútà lè ka àkọsílẹ̀ ìwé. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: 100 fún ẹni tó kọ ìwé, 245 fún àkọlé, 650 fún ohun tí ìwé dá lé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkọ̀wé kan, Usman dan Fodio, tó kú ní 1817. Àwọn Faransé ń kọ ọ́ ní Ousmane. Ní Lárúbáwá, Uthman ibn Fudi ni. Bí nǹkan kan kò bá so orúkọ wọ̀nyí pọ̀, ẹni mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa pè wọ́n, ìwé rẹ̀ á sì fọ́n ká.

Ní 2011, Library of Congress bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ BIBFRAME, èyí tó lè yanjú irú ìṣòro yìí. Nínú ètò tuntun yìí, a lè fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ti wù kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Àkójọ kan tó ń jẹ́ WAAMD ti da àkọsílẹ̀ ìwé Niamey pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlú mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó mọ ìwé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júwe rẹ̀. Bí ìwé àwọn bàbá yín bá wà nílé, ẹ kọ àkọlé rẹ̀, èdè rẹ̀ àti gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé.