Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò lórí Ṣànpọ̀nná àti Abẹ́rẹ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, ní òpin ọdún 2002, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà nítorí ìbẹ̀rù àwọn agbésùnmọ̀mí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tẹ̀lé wọn ní ọdún 2003. Èyí ló sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò di dandan.

Kì í ṣe kòkòrò ṣànpọ̀nná ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Vaccinia, tí ó jẹ́ ìyekan rẹ̀, ni, ó sì wà láàyè. Ojú ibi tí wọ́n gún a máa ní ìléròrò, kòkòrò náà sì lè ti ibẹ̀ ran ojú tàbí ara ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ara aláìsàn bá sú, ó lè jẹ́ vaccinia, ó sì lè jẹ́ ṣíkíìnpọ́ọ̀sì lásán. Ìléròrò ṣànpọ̀nná a máa dọ́gba lójú kan náà. Ti ṣíkíìnpọ́ọ̀sì kì í dọ́gba.

Bí ìfura kò bá pọ̀, àyẹ̀wò ṣíkíìnpọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti kọ́kọ́ ṣe. Bí ìfura bá pọ̀, wọ́n ń kọ́ ọ láti fọwọ́ sẹ́yìn, kí ó sì fi tó àwọn aláṣẹ ìlera létí lójú ẹsẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ń pe àrùn yìí ní ilẹ̀ gbígbóná kò ní rí ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ bí àṣejù. Ní ọdún 1978, nígbà tí ṣànpọ̀nná ti tán láwùjọ, ó pa ayàwòrán kan ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni yàrá ìwádìí kòkòrò náà wà.