Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ẹ̀rọ Kékeré Tí Wọ́n Ń Fi Sí Ìka Aláìsàn

Àwa tí a ti ṣọ́ aláìsàn rí mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í tó. Nọ́ọ̀sì kan kò lè jókòó ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ kan sí aláìsàn níka, bí péègì tí a fi ń mú aṣọ lórí okùn. Pulse oximeter ni wọ́n ń pè é. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde ní 1974. Kì í gún èèyàn. Iná inú rẹ̀ ló fi ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ka bí ọkàn ṣe ń lù.

Bó bá kà láti 95 dé 100, ó dára. Bó bá ti wálẹ̀ ju 90 lọ, ẹ sáré pe nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n àwa ọlọ́jà mọ̀ pé òṣùwọ̀n a máa purọ́. Ọ̀dà èékánná lè ṣì í lọ́nà, ẹ nù ún kúrò. Bó bá jẹ́ làálì dúdú, ẹ ní kí wọ́n fi sí ìka tí kò ní. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ bò ó kó móoru. Ní 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé àìtó afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yìí kì í rí lára àwa aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó.

Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára, ṣùgbọ́n tí èèyàn yín ń mí hẹlẹ, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ pariwo. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ, kí àwa náà máa ṣọ́ ọ.

Ìlera loògùn ọrọ̀.