Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Àbẹ̀kẹ́ àti bàbá rẹ̀ lọ gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Kí a tó kàwé

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé òkè wà ní ìlú yín? Ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀sà ni a ń rí. Ṣùgbọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Ìdáàṣà, òkè pọ̀.

Ìwé Faransé wa a máa sọ nípa *le printemps*. Ìgbà náà ni ewé tuntun ń rú ní ilẹ̀ Faransé. Ní ilẹ̀ tiwa, ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni ewé ń rú. Àkókò náà dára fún ìrìn, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà á.

1. Ìmúra

Ìsinmi Àjíǹde dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àbẹ̀kẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá rẹ̀ pè é.

"Àbẹ̀kẹ́, lọ́la a ó lọ gun òkè."

Inú Àbẹ̀kẹ́ dùn. Ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹni tí yóò gun òkè a máa múra sílẹ̀," ni bàbá wí. "Kí ni a ó gbé lọ?"

Wọ́n rọ omi lítà 3 sínú ike. Wọ́n di àkàrà, wọ́n di ẹ̀pà. Wọ́n mú máńgòrò méjì àti fìlà méjì. Àbẹ̀kẹ́ gbé sálúbàtà rẹ̀ wá. Bàbá mi orí.

"Rárá, ọmọ mi. Sálúbàtà a máa yọ̀ lórí àpáta. Wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú."

Lẹ́yìn náà, bàbá sọ fún ìyá Àbẹ̀kẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ó ní: "Kí aago méjìlá tó lù, a ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ilé Ìyá Àgbà." Ilé Ìyá Àgbà wà ní ẹsẹ̀ òkè.

2. Wọ́n gun òkè

Ní aago méje òwúrọ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni o jí?"

Bàbá bi Ìyá Àgbà léèrè òkè tí wọ́n lè gùn, nítorí kì í ṣe gbogbo òkè ni à ń gùn. Òkè mìíràn jẹ́ ibi tí àwọn àgbà ti ń bọ òrìṣà. Ìyá Àgbà fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ sáré ṣíwájú. Kò pẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó.

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni igbín fi ń gun igi," ni bàbá wí. "Má sáré. Rìn bí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn."

Wọ́n rọra ń lọ. Àpáta tóbi, ó dúdú, ó sì le. Omi òjò àná dúró nínú kòtò orí àpáta. Koríko tútù yọ láàárín òkúta. Alángbá kan tí orí rẹ̀ pupa ń mi orí sí wọn.

"Bàámi, ó ń kí wa!" ni Àbẹ̀kẹ́ wí. Bàbá rẹ́rìn-ín.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọ́n sinmi lábẹ́ òjìji àpáta ńlá kan. Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ àkàrà. Wọ́n wo ìsàlẹ̀. Wọ́n rí òrùlé páànù, oko iṣu àti oko kajú. Wọ́n tún rí ojú irin tí ó ti Kútọnù lọ sí Párákú.

"Ní ayé ogun," ni bàbá wí, "àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì a máa wá kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ a sì sá wá sí orí òkè. Òkè ni ó fi wọ́n pamọ́."

Àbẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ kan àpáta náà. Ó gbóná díẹ̀, nítorí oòrùn ti ń ràn.

3. Òjò ń ṣú

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Orí òkè kò jìnnà mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ń rí i kedere.

Lójijì, bàbá dúró. Ó wo ìlà oòrùn. Ìkùukùu dúdú kan ti yọ níbẹ̀, ó ga bí ògiri. Afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ lù wọ́n.

"Àbẹ̀kẹ́, a ó padà."

"Bàámi! Ẹ wò ó, ó kù díẹ̀!"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n òjò ń ṣú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti ìlà oòrùn ni ìjì ti sábà máa ń wá, kì í sì í pẹ́ dé. Mànàmáná a máa kọ lu ibi tí ó ga. Bí àpáta bá sì tutù, yóò yọ̀."

Omi bọ́ lójú Àbẹ̀kẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, òkè yìí ti wà níbí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ṣì wà níbí. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní."

Àbẹ̀kẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá mú.

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá ń lọ níwájú, Àbẹ̀kẹ́ ń tẹ̀lé e. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, bàbá yóò gbá a mú. Wọn kò sáré, wọn kò sì dúró. Nígbà tí wọ́n wọ ilé Ìyá Àgbà, òjò kò tíì rọ̀. Kò pẹ́, ìjì dé. Eruku gba gbogbo àgbàlá.

4. Àbẹ̀kẹ́ ka àrá

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mànàmáná kọ.

"Bẹ̀rẹ̀ sí ka iye rẹ̀," ni bàbá wí. "Má yára kà."

Àbẹ̀kẹ́ kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Nígbà tí ó ka 9, àrá sán.

"A ń rí mànàmáná lójú ẹsẹ̀," ni bàbá wí, "ṣùgbọ́n ìró àrá kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3, ìró a máa rin kìlómítà 1. O ka 9. Àrá náà jìnnà sí wa ní nǹkan bí kìlómítà 3."

Mànàmáná tún kọ. Àbẹ̀kẹ́ ka 6. Ó tún kọ. Àbẹ̀kẹ́ ka 3. Ó sún mọ́ Ìyá Àgbà.

"Bàámi, ó ti dé orí òkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Àgbà bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un. "Ṣé o dé orí òkè náà, ọmọ mi?"

"Rárá, Ìyá Àgbà. Ṣùgbọ́n a dé ilé."

Ẹ rántí

Bí o bá ń lọ sí orí òkè, bá àgbàlagbà lọ. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ.
Ẹ tètè jáde ní òwúrọ̀. Ẹ gbé omi dání.
Bí òjò bá ń ṣú, ẹ padà sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀ tí ó ní òrùlé irin, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.
Ẹ má ṣe dúró lábẹ́ igi kan ṣoṣo ní pápá. Ẹ má ṣe dúró lórí àpáta gíga.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹsẹ̀ òkè: ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún.
Rú: ewé ń rú, èyí ni pé ewé tuntun ń yọ.
Ṣú: òjò ń ṣú, èyí ni pé ojú ọ̀run ń dúdú, òjò fẹ́ rọ̀.
Mí hẹlẹhẹlẹ: kí a máa mí kíákíá nítorí pé ó ti rẹ̀ wá.

Ìbéèrè

1. Kí ni Àbẹ̀kẹ́ àti bàbá rẹ̀ gbé lọ?
2. Kí ló dé tí bàbá kò jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ wọ sálúbàtà?
3. Kí ni wọ́n rí nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sinmi?
4. Ta ni òkè fi pamọ́ ní ayé ogun?
5. Kí ló dé tí bàbá fi ń lọ níwájú nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀?
6. Bí o bá rí mànàmáná, tí o ka 12 kí àrá tó sán, kìlómítà mélòó ni ó jìnnà sí ọ?
7. Bí ìwọ bá jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kí ni ìwọ ìbá sọ fún bàbá rẹ? Sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ. Bi wọ́n léèrè: "Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé òjò fẹ́ rọ̀?" Kọ ohun méjì tí wọ́n bá sọ sínú ìwé rẹ, kí o sì kà á sókè ní kíláàsì.